Ínṣì Méjì

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sókè ní Hoo, létí odò Medway,
ìgbànú méjì gbá a mú lábẹ́ ikùn,
omi ń kán tótó nídìí rẹ̀
bí arúgbó tí nọ́ọ̀sì ń gbé jáde nínú ìwẹ̀.
Ẹni tó kàn án ti kú. Ẹni tó tà á fún mi náà ti kú.
Ẹ́ńjìnì méjèèjì ṣì wà láàyè, wọ́n ń húkọ́.

Ẹgbẹ̀tàlá ló yẹ kí wọ́n yí ní ìṣẹ́jú kan,
ìwé wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.
Wọ́n dé ẹgbọ̀kànlá, wọ́n dúró,
èéfín dúdú sì bo orúkọ tó wà nídìí ọkọ̀
títí a ò fi rí i kà mọ́.

Glenys Tapsell ló wá wò ó,
obìnrin tó ń tún abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ṣe
láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti fi òòlù lé e lọ́wọ́.
Idẹ ló kọ́kọ́ kí kó tó kí mi.
Ó fi èékánná kan ewé kìíní, ó dún gooro.
Ìkejì, gooro.
Ìkẹta dún pàkà bí ìkòkò tó sán.
"Ẹ ti fi gbá nǹkan nísàlẹ̀ odò."
Mo ní èmi kọ́. Ó ní bí gbogbo wọn ti ń wí nìyẹn.

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ṣírò:
ṣé ewé mẹ́ta ni àbí mẹ́rin?
Kó fẹ̀ sí i ni, àbí kó tẹ̀ sí i?
Láníyọnu, ẹni tí kò ní ju kẹ̀kẹ́ ológeere lọ,
pè láti Gillingham pé kí n ra ewé mẹ́rin, tuntun,
kí ayé lè mọ̀ pé a dé odò.
Iye tí wọ́n ń tà á, mo lè fi tún òrùlé ṣe kí n sì gba ṣẹ́ńjì.
Ìbídùn ìyàwó mi gbọ́ iye náà,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tó ti mọ́.

Ẹni tó bá rí wọn a ní ìbejì ni wọ́n. N ò gbà.
Ìbejì a máa wojú ara wọn.
Tọ̀tún ń yí sọ́tùn-ún, tòsì ń yí sósì,
bí ẹ bá ṣì wọ́n gbé sípò ara wọn,
ọkọ̀ á máa fà sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá ní kó lọ síwájú.

Glenys fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pákó:
méjìlélógún ní fífẹ̀, ogún ní ìgbésẹ̀.
Ìgbésẹ̀ ni ibi tí abẹ̀bẹ̀ ìbá rìn dé
ní yíyí kan, ká ní omi le bí amọ̀.
"Ìgbà tó fúyẹ́ ni wọ́n fún un ní ogún.
Kí lẹ ti dì lé e láti ìgbà náà?"
Mo kà á: táńkì omi kejì, fìríìjì, ẹ̀rọ amúlégbóná,
àga tí olóògbé kàn mọ́lẹ̀,
àti omi tí pákó ti mu fún ogójì ọdún
tí kò dá padà.
"Ẹ wá fẹ́ kó máa gbẹ́sẹ̀ bí ọmọ ogún ọdún."

Mo wo orúnkún mi.
Kò sẹ́ni tó dárúkọ orúnkún.

Ó ní òun á yọ ínṣì méjì nínú ìgbésẹ̀,
òun á jó ibi tó sán, òun á lọ̀ ọ́ kó dán.
Idẹ àtijọ́ náà ni. Ewé mẹ́ta náà ni.
A fi bùláńkẹ́ẹ̀tì Ìbídùn wé wọn sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.
N ò tíì sọ fún un.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, omi kún, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní sórí ẹrẹ̀,
mo ti ọ̀pá méjèèjì síwájú.
Ẹgbèjìlá. Mo ń retí ikọ́.
Abẹ́rẹ́ atọ́ka gbọ̀n, ó gùn díẹ̀ sí i,
ó kan ẹgbẹ̀tàlá, ó sinmi.
Fóònù dún. Ìbídùn ni, láti etí èbúté:
"Mo ti rí orúkọ ìdí ọkọ̀ yìí kà o.
Ta ni Doreen?"